The Secret Life of Pets 2: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òbí, Alágbàtọ́ àti Gbogbo Olùwòran

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó jókòó ti àwọn ọmọ wọn láti wo fíìmù kátúùnù yìí, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán. Mo sọ ìparí ìtàn náà láìfi bò, nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ ṣáájú, kí ó kọ́kọ́ wo fíìmù náà ná.

Fíìmù wo nìyí, àwọn wo ni wọ́n sì ṣe é?

Fíìmù kátúùnù tí tẹbí-tọmọ lè jùmọ̀ wò ni The Secret Life of Pets 2, ó sì jẹ́ apá kejì fíìmù tí ó jáde ní oṣù keje ọdún 2016. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni ó dé sinimá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún kan náà. Illumination, ilé iṣẹ́ tí Chris Meledandri dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ni ó ṣe é, Universal sì ni ó gbé e káàkiri ayé. Chris Renaud ni olùdarí rẹ̀, Jonathan del Val sì ni igbákejì olùdarí. Brian Lynch ni ó kọ ìtàn náà. Orin inú rẹ̀ wá láti ọwọ́ Alexandre Desplat, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì ṣe orin apá kìn-ín-ní pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 86 ni fíìmù náà gbà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí kò pọ̀ jù fún ọmọ tí kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan.

Ṣé ó di dandan kí a ti wo apá kìn-ín-ní?

Kò di dandan, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ó yẹ kí olùwòran mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé Max, ajá kékeré tí ó ń gbé ní ìlú New York pẹ̀lú Katie olówó rẹ̀, ti fìgbà kan rò pé òun nìkan ni Katie ní láyé, títí Katie fi mú Duke, ajá ńlá onírun jàgànjàgàn, wá sílé, tí àwọn méjèèjì sì kọ́kọ́ ń bá ara wọn jà kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́. Ìkejì ni pé Snowball, ehoro funfun tí ó dà bí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin, ni olórí àwọn ẹranko tí àwọn olówó wọn ti já sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìbínú sá pamọ́ sábẹ́ ìlú, kí ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Molly tó gbà á sílé ní ìparí. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí kò ní ṣìnà nínú apá kejì.

Kí ni ìtàn inú apá kejì dá lé?

Ìtàn mẹ́ta ni wọ́n fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì so wọ́n pọ̀ títí di ìparí.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú wọn ni ti Max. Katie pàdé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Chuck, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Liam. Max kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ọmọ náà rárá, nítorí pé ọwọ́ ọmọ náà le jù fún ajá. Díẹ̀díẹ̀ ni ìfẹ́ fi wọlé, nígbà tí ó sì wọlé tán, ó wá pọ̀ débi pé ọkàn Max kò balẹ̀ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà: gbogbo igun òpópónà New York ni ó ti ń rí ewu tí yóò ṣe Liam. Ìdààmú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ara rẹ̀, ó ń họ ara láìdẹ́kun, títí Katie fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tí wọ́n sì fi ike onígbòòrò yí i lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹbí náà rin ìrìn àjò lọ sí oko àbúrò òbí Chuck kan, níbi tí Max ti pàdé ajá àgbà tí ń jẹ́ Rooster.

Kí Max tó kúrò nílé, ó fi ohun ìṣeré tí ó fẹ́ràn jù, Busy Bee, sí ìkáwọ́ Gidget, ajá funfun tí ọkàn rẹ̀ fà sí i. Gidget sọ ọ́ nù sínú fúláàtì ìyá arúgbó kan tí ológbò kún bámúbámú. Nítorí pé ajá kò lè wọ irú ibẹ̀ kó jáde láyọ̀, Gidget lọ kọ́ ìṣe ológbò lọ́dọ̀ Chloe, ológbò sísanra tí ohunkóhun kì í jọ lójú, ó wọlé náà, ó sì mú ìṣeré Max jáde. Láìrò tẹ́lẹ̀, àwọn ológbò náà fi í ṣe ọbabìnrin wọn.

Ìtàn kẹta ni ti Snowball. Aṣọ akọni ni ó ń wọ̀ káàkiri, ó sì ti gbàgbọ́ pé akọni gan-an ni òun. Daisy, ajá obìnrin kan tí kò mọ ojo, bá ọ̀rọ̀ náà lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ: bí ó bá jẹ́ akọni ni, kí ó wá ran òun lọ́wọ́ láti gba ọmọ ẹkùn funfun kan sílẹ̀, Hu ni orúkọ rẹ̀, lọ́wọ́ Sergei, ìkà ọkùnrin tí ó ni sákọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ń fi ẹranko dárà fún àwọn olùwòran. Wọ́n gba Hu jáde, wọ́n sì ń gbé e pamọ́ láti ilé kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ìkookò Sergei tọ òórùn òdòdó tí ó já bọ́ lára Daisy títí wọ́n fi rí wọn. Sergei tún mú Hu, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ẹranko náà ti wá pàdé: Snowball wà lórí ọkọ̀ náà, Gidget àti ogunlọ́gọ̀ ológbò wà nínú mọ́tò ìyá arúgbó wọn, Max náà sì wọ inú ewu tí kì bá ti lè fojú kàn rí kí ó tó lọ sí oko. Wọ́n gba Hu sílẹ̀, ó sì di ọmọ ilé ìyá arúgbó náà.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ Rooster tó bẹ́ẹ̀?

Ìdí kan ni ohùn tí ó wà lẹ́nu rẹ̀: Harrison Ford ni, fíìmù yìí sì ni ó kọ́kọ́ fi ohùn rẹ̀ ṣeré nínú fíìmù kátúùnù, lẹ́ni ọdún 76. Ìdí kejì ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Rooster kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fi Max ṣẹ̀sín bẹ́ẹ̀ ni kì í kẹ́ ẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe sí àìsàn Max ni pé ó bọ́ ike ọrùn rẹ̀ kúrò. Ó wá mú un dání lọ wá Cotton, ọmọ àgùntàn kan tí ó sọnù kúrò nínú agbo.

Ìran tí ó tẹ̀ lé èyí ni kí òbí fara balẹ̀ wò. Wọ́n bá Cotton lórí igi kan tí ó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Rooster tí ó ti ń ṣọ́ àgùntàn láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní kí Max lọ. Max takú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ó sì lọ náà ní ìgbẹ̀yìn, tẹ̀rùtẹ̀rù, títí ó fi mú ọmọ àgùntàn náà bọ̀. Kò sí ìgbà kan tí fíìmù náà sọ pé ẹ̀rù ti tán lọ́kàn Max. Ohun tí Rooster kọ́ ọ ni pé kí ó ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà, kí iṣẹ́ lè di ṣíṣe. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ hu sí òfuurufú, nígbà tí Max sì fẹ́ padà sílé, Rooster fún un ní ọ̀kan nínú àwọn ìbọrùn tirẹ̀ kí ó fi ṣe ìrántí.

Mo ti rí i kà níbi púpọ̀ pé ìtàn ọmọdé lásán ni fíìmù yìí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé òbí ni wọ́n fi Max ṣe: ẹni tí ìfẹ́ ọmọ ti mú kí ó máa wo gbogbo ayé bí ohun tí ó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò rí ajá tí tòlótòló ń lé kiri oko, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bí wọn yóò rí ara rẹ̀.

Ṣé àwọn ènìyàn inú fíìmù náà ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹranko ń sọ?

Rárá. Láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Etí ènìyàn kò gbọ́ ju gbígbó ajá àti igbe ológbò lọ, orí èyí gan-an ni gbogbo àwàdà fíìmù náà dúró lé, nítorí pé nígbà tí olówó wọn bá ti ilẹ̀kùn jáde ni ayé tiwọn ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n fi ohùn wọn ṣeré, kí sì ni ó fà á tí ohùn Max fi yí padà?

Patton Oswalt ni ó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Max nínú apá kejì. Louis C.K. ni ó ṣe é nínú apá kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó mọ́ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, pé òun hu ìwà àìtọ́ sí àwọn obìnrin kan. Ọ̀pọ̀ ọmọdé kò fura sí ìyípadà náà, ó sì rọrùn láti rí ìdí rẹ̀, nítorí pé ohùn Oswalt ní ìgbọ̀nrìrì tí ó bá ajá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mu gan-an.

Àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kevin Hart ni Snowball, Eric Stonestreet ni Duke, Jenny Slate ni Gidget, Lake Bell ni Chloe, Dana Carvey ni Pops, ajá arúgbó tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ajá ní ìwà, Ellie Kemper sì ni Katie. Olùdarí fúnra rẹ̀, Chris Renaud, ni ohùn Norman, ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig. Lára àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Tiffany Haddish tí ó ṣe Daisy, Nick Kroll tí ó ṣe Sergei, àti Pete Holmes tí ó ṣe Chuck.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí ẹranko sọ̀rọ̀ nínú kátúùnù?

Àwọn ọmọ máa ń béèrè èyí, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn láti ṣàlàyé fún wọn. Ohùn ni ó máa ń ṣáájú. Òṣèré yóò wọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónírúurú ọ̀nà, wọn yóò sì mú èyí tí ó dára jù. Ṣáájú ìyẹn tàbí lákòókò kan náà, àwọn ayàwòrán yóò ti ya gbogbo ìtàn náà ní àwòrán kéékèèké léraléra, kí olùdarí lè mọ bí ìran kọ̀ọ̀kan yóò ti rí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò mú ara ẹranko náà, tí wọ́n ti mọ bí ẹni mọ ère sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n yóò sì máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè bá ohùn náà rìn. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Paris ni àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí fún Illumination wà, ní ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ Illumination Mac Guff nígbà náà.

Ibi tí ó nira ni ẹnu. Nígbà tí ènìyàn bá pe «b» tàbí «m», ètè rẹ̀ méjèèjì yóò pàdé, ṣùgbọ́n ẹnu ajá gùn síwájú, ètè rẹ̀ sì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá fún ajá ní ẹnu ènìyàn pátápátá, yóò di ohun ìríra. Bí wọ́n bá sì fi ẹnu ajá sílẹ̀ bí ó ti wà, ọ̀rọ̀ kò ní jọ pé ó ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, ojú, etí àti ìrù ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ẹ wo etí Max nígbàkígbà tí Liam bá sún mọ́ ohun tí ó léwu, ẹ óò rí i pé etí náà ti sọ̀rọ̀ kí ó tó lanu.

Ọmọ ọdún mélòó ni ó lè wò ó?

PG ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí òbí wà nítòsí. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sì sí ẹranko kankan tí ó kú. Àwàdà nípa ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìdí wà níbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ó lè já ọmọ kékeré láyà ni Sergei àti bí ó ti ń dẹ́rù ba Hu, àwọn ìkookò dúdú rẹ̀, ìran ẹ̀gbẹ́ òkè tí a ti mẹ́nu bà, àti ìjà orí ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ tí ó bá ti tó ọdún 6 lè wò ó láìsí wàhálà. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jókòó tì í, ẹ má sì fi dandan mú un bí ó bá fẹ́ bojú.

Ọmọ mi ti ń béèrè bóyá a lè sin ẹkùn bíi Hu. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ sọ òótọ́ fún un: ẹkùn kì í ṣe ẹran ọ̀sìn inú ilé, bí a tilẹ̀ tọ́ ọ láti kékeré. Ìparí ìtàn Hu dùn mọ́ni nínú kátúùnù, àmọ́ òun ni ohun kan ṣoṣo nínú fíìmù yìí tí mo rò pé ó yẹ kí òbí tún ṣàlàyé. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ti fi hàn díẹ̀, nítorí pé ilé Pops kò gba Hu: ó ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ títí Pops fi lé e jáde. Ní Amẹ́ríkà tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ti ka á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti sin ẹkùn tàbí kìnnìún gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀sìn.

Ti sákọ́ọ̀sì náà kì í ṣe àròsọ lásán. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York dìbò ní ọdún 2017 pé kí wọ́n má ṣe fi ẹranko ìgbẹ́ dárà nínú sákọ́ọ̀sì mọ́ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bolivia ti ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo ẹranko láti ọdún 2009, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹranko ìgbẹ́ nínú sákọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2020.

Bí ọmọ náà bá tún béèrè ìdí tí Hu fi funfun, ẹ lè sọ fún un pé ẹkùn funfun kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ẹkùn bíi ti àwọn yòókù ni, àwọ̀ tí ó jogún ni ó yàtọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹranko káàkiri ayé lónìí jẹ́ àtọmọdọ́mọ akọ ẹkùn kan, Mohan, tí wọ́n mú nínú igbó Rewa ní Íńdíà ní ọdún 1951. Nítorí pé ìbátan ni wọ́n ń mú gun ìbátan kí àwọ̀ náà má baà parẹ́, ojú púpọ̀ nínú wọn kì í wo ọ̀kánkán, àrùn mìíràn sì tún máa ń bá wọn jà.

Ṣé òótọ́ ni pé ìdààmú ọkàn lè mú kí ajá máa họ ara?

Òótọ́ ni. Eégbọn, iná ara àti oúnjẹ tí kò bá a lára mu ni ó sábà máa ń fa ìhọra, ṣùgbọ́n ìdààmú náà lè mú kí ajá máa họ tàbí kí ó máa lá ojú kan títí yóò fi di egbò. Ike ọrùn náà kò wo àìsàn kankan sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ajá má lè fi ẹnu kan egbò rẹ̀ títí yóò fi jinná. Rooster bọ́ ike Max kúrò nítorí pé ìtàn ni. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá wọ irú rẹ̀, kí ó dúró de ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko.

Ṣé ó pa owó tó ti apá kìn-ín-ní?

Kò tó o. Apá kìn-ín-ní pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 875 dọ́là káàkiri ayé, apá kejì sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 446. Síbẹ̀, bíi mílíọ̀nù 80 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, nítorí náà kò jẹ gbèsè. Ní ọdún 2021, ohun ìgùn kan tí wọ́n gbé ka ayé àwọn ẹranko yìí ṣí ní ọgbà ìgbafẹ́ Universal Studios Hollywood.

Kí ni àléébù rẹ̀?

Àwọn ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ́ kí wọ́n tó pàdé, nígbà tí wọ́n sì pàdé, ìjà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí ìran oko bá ti ń wọni lára, wọn a gbé wa padà sí ọ̀dọ̀ Snowball. Mo fẹ́ràn Snowball, pàápàá nígbà tí akọni inú aṣọ di akọni tòótọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n fún Rooster ní àyè sí i. Duke pàápàá, tí ó gba ìdajì ìtàn apá kìn-ín-ní, kò rí iṣẹ́ kan gbòógì ṣe níbí. Sergei náà kì í ṣe ènìyàn kíkún. Ìkà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò sì mọ ìdí.

Ọmọ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. Ṣé ó dára kí ó wò ó ṣáájú?

Ó dára púpọ̀, nítorí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ Liam ní jẹ́léósinmi wà lára àwọn ìran ìparí. Max tí kì í fẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọmọ náà tẹ́lẹ̀ ni ó bá a dé ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì jẹ́ kí ó lọ. Bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú ọmọ yín, ẹ dá fíìmù náà dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó rò pé Liam ń rò, kí ẹ tó bi í nípa ara tirẹ̀. Ó máa ń rọrùn fún ọmọdé láti sọ ẹ̀rù ẹlòmíràn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, kódà bí ó bá ní Liam fẹ́ sunkún, ẹ má sì yára sọ fún un pé kò sí ohun tí ó ń bani lẹ́rù níbẹ̀.